Tírélà Tí Ọrùn Rẹ̀ Gan

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohùn rédíò sókè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ irin ni tòní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni bàbá kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa láti ìlú Houston, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní àwọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ oko ló kù tó ń wu àwọn. Wọ́n ti ra tírélà kékeré kan níbẹ̀, onítáyà méjì, irú èyí tó ga kúrò nílẹ̀ tí wọ́n fi ń wọ igbó. Wọ́n fẹ́ tì í sínú kọntéínà wá sílé, kí Hilux àwọn tó wà n'Íbàdàn máa wọ́ ọ lọ sí oko ní ẹ̀gbẹ́ Òkèhò. Ìbéèrè wọn kò gùn. Wọ́n ní ẹni tó ta tírélà náà ní kí àwọn yọ ìdè tó wà lẹ́nu rẹ̀ dànù, kí àwọn ra èyí tó ní oríkèé, tó ń yí síbi tó bá wù ú. Owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ṣé nǹkan gidi ni, àbí wọ́n rí mi ní àgbàlagbà, wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ?"

Bàbá, nǹkan gidi ni. Ṣùgbọ́n bóyá ẹ nílò rẹ̀ tàbí ẹ ò nílò rẹ̀, ìyẹn ni mo fi gba gbogbo àkókò ètò yìí.

Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́jú pọ̀: tírélà tí mò ń wí kì í ṣe ti àwọn tó ń gbé kọntéínà jáde ní Apápá. Bí wọ́n bá ti dárúkọ tírélà nílẹ̀ yìí, àwọn onítáyà méjìdínlógún yẹn ló ń wá sí wa lọ́kàn, àyà wa á sì já. Èyí kéré. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n ọmọlanke ni: àpótí irin lórí táyà méjì, tí ọ̀pá kan yọ síwájú rẹ̀. Orí ọ̀pá yẹn ni ìdè wà, òun ni yóò di ẹ̀yìn ọkọ̀ mú. Àwọn mẹkáníìkì wa ń pe gbogbo rẹ̀ ní họ́ọ̀kì, ì báà jẹ́ bọ́ọ̀lù, ì báà jẹ́ pínnì. Ìdè ni èmi yóò máa pè é.

Ẹ fi ọwọ́ kan ọrùn yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ o, ẹ gbájú mọ́ ọ̀nà. Ọrùn ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Ó ń jẹ́ kí á mi orí sókè sódò bí ẹni tó gbà. Ó ń jẹ́ kí á yí ojú sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó kọ̀. Ó tún ń jẹ́ kí á da orí sí èjìká kan, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ́tí sí òfófó láti yàrá kejì. Iṣẹ́ mẹ́ta yìí náà ló wà fún ìdè tírélà. Ọkọ̀ ti ń gun òkè, tírélà ṣì wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀: sókè sódò nìyẹn. Ọkọ̀ ń yà ní kọ́nà: sọ́tùn-ún sósì nìyẹn. Táyà ọ̀tún ọkọ̀ wá wọ kòtò, táyà ọ̀tún tírélà sì gun òkúta lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ dà sí ọ̀tún, tírélà dà sí òsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ìyá yín fún aṣọ ìbora rí, tí ẹ̀yin dì í mú ní etí kan, tí ìyá dì í mú ní etí kejì, tí ẹ ń lọ́ ọ kí omi lè jáde, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀pá tírélà ni aṣọ yẹn.

Ìdè tó wọ́pọ̀ jù ni ti bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù irin kan dúró lórí ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹnu tírélà á wá dé e bí fìlà, ahọ́n kan wà nínú fìlà náà tó ń mú bọ́ọ̀lù lábẹ́ àgbọ̀n kí ó má baà ṣí. Fìlà yìí lè máa yí lórí orí láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí ohun tí yóò ṣe é. Ó lè tẹ̀ síwájú, ó lè tẹ̀ sẹ́yìn, dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ jù, etí fìlà á kan ọrùn. Ẹ rántí bí óòpẹ́nà ṣe ń ṣí ìdérí mínírà: etí kan dúró, ìkejì ń wú u. Ohun tí etí fìlà ń fi bọ́ọ̀lù ṣe nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù kò bá gbà kó wú, ahọ́n á tẹ́. Bí ahọ́n bá yarí, ojú wẹ́dì ọ̀pá á là. Bí gbogbo wọn bá yarí, táyà tírélà kan á kúrò nílẹ̀ pátápátá, ẹrù á sì dà.

Bí ẹ bá wo ara ìdè dáadáa, ẹ ó rí iye kìlógíráàmù tó lè fà tí wọ́n tẹ̀ sí i: 2000, 3500. Ẹni tó ń rà á á ní, "Ẹrù mi kò tó tọ́ọ̀nù kan, èyí ti jù mí lọ." Lójú títì, òótọ́ ló sọ. Bí ìdè ṣe le tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Ibi tó lè tẹ̀ dé kí ó tó gan, kò sí nínú rẹ̀. Ìdè tó le koko, tí kò sì lè yí, ńṣe ló ń ti ìyà tó yẹ kó jẹ sí ara ọ̀pá, láti ara ọ̀pá dé ṣáàsí ọkọ̀. Mo ti rí Hilux tí ẹ̀yìn rẹ̀ là níbi tí wọ́n ti so tóòbà, irin tí bọ́ọ̀lù dúró lé lórí, mọ́ ọn. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń dán gbinrin, kò ní àléébù kankan.

Bọ́ọ̀lù ti fojú èmi alára rí màbo. Ó tó ọdún mẹ́wàá báyìí. Mo yá tírélà kan láti gbé jẹnẹrétọ̀ lọ síbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń sin adìẹ, lẹ́yìn Ìséyìn. Wẹ́dà tó bá mi de bọ́ọ̀lù mọ́ ọkọ̀ ní bọ́ọ̀lù kan kò ju bọ́ọ̀lù kan lọ. Ó dé fìlà lé e, ó tẹ ahọ́n rẹ̀, ó dún tàà. A fi okùn ọ̀rá we é lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí ẹ̀ṣọ́. Lójú títì, a kò rí wàhálà. A yà sí ọ̀nà oko, a dé orí kọ́fátì kan tí òjò ti jẹ etí rẹ̀, ọkọ̀ fò díẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn bí ìgbà tí èèyàn ju ìkòkò irin mọ́lẹ̀. Mo gbójú sókè wo díńgí, n kò rí tírélà. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, òun rèé tó ń bọ̀, ó fẹ́ẹ̀ máa yà mí sílẹ̀. Okùn ọ̀rá ti já bí òwú. Ọ̀pá ti fi imú lélẹ̀, ó ń kọ ebè lọ láàárín ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ gbin iṣu, títí tó fi wọ gọ́tà tòun ti jẹnẹrétọ̀.

Mẹkáníìkì àgbà kan ní Ìséyìn ló là mí lójú. Wọ́n fa kálípà yọ nínú àpò, wọ́n wọn bọ́ọ̀lù: mílímítà 47 àti díẹ̀. Wọ́n wọn inú fìlà: ó lé ní 50. Wọ́n wò mí títí, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn fi bọ́ọ̀lù náà sínú fìlà, wọ́n ti ahọ́n rẹ̀ pa, wọ́n wá fi ọwọ́ kan ṣoṣo fà á yọ.

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ ti mú bírò. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó wọ́pọ̀ jẹ́ oríṣìí mẹ́ta: ínṣì 1⅞, tó jẹ́ mílímítà 47.6, ínṣì 2, tó jẹ́ 50.8, àti ínṣì 2 5⁄16, tó jẹ́ 58.7. Ti Yúróòpù àti Ọsirélíà jẹ́ 50 géérégé. Nílẹ̀ tiwa, gbogbo wọn ló pàdé lọ́jà. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó gba Kútọnu wọlé láti Yúróòpù ń gbé 50 bọ̀, èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ń gbé ínṣì bọ̀, bí ẹ bá sì dé Ládípọ̀, orí tábìlì kan náà ni wọ́n tò wọ́n sí. Àárín 50 àti 50.8 kò tó mílímítà kan, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù 50 nínú fìlà ínṣì 2 á máa gbọ̀n, á máa jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bọ́ọ̀lù ínṣì 2 nínú fìlà 50 lè má wọ̀. Bí ẹ bá sì fi òòlù lù ú wọlé, ahọ́n lè má dé ìdí. Wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n sórí bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ tán, ẹ wá kálípà.

Mo sọ fún bàbá ará Houston lọ́jọ́ tí ohùn wọn dé pé kí wọ́n ní kí ọmọ àbúrò wọn tó wà n'Íbàdàn lọ wọn bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Hilux kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀. Mà á padà síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tó báyìí. Àwọn ológun kò kúkú fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán an. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1940, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Bantam, ní ìlú Butler, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, gbé Jíìpù tó kọ́kọ́ ṣe fún àwọn ológun Amẹ́ríkà lọ fún ìdánwò. Jíìpù yẹn yege, ṣùgbọ́n Willys àti Ford ló gba iṣẹ́ ńlá rẹ̀. Bantam tó bímọ kò rí ọmọ tọ́. Tírélà kékeré tí Jíìpù yóò máa fà ni wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Tírélà náà kò ní fìlà lẹ́nu. Òrùka irin ńlá ló wà níbẹ̀, ìkọ́ tó wà lẹ́yìn Jíìpù á fi ẹnu gbé òrùka náà, wọn á sì pa ẹnu ìkọ́ dé. Ẹ wo bí òrùka ṣe ń ṣe lórí ìkọ́: ó lè gòkè, ó lè yà, ó lè dà sí ẹ̀gbẹ́ ju bí bọ́ọ̀lù ṣe lè dà lọ, nítorí àyè wà láàárín wọn. Títí dòní, irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ológun fi ń fa ẹrù. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ náà ni pínnì tí àwọn katakata wa fi ń fa tírélà ẹ̀gẹ́ ní Òkè-Ògùn. Pínnì gbọọrọ kan nínú ihò tó tóbi jù ú lọ, ó parí.

Àyè yẹn náà sì ni àìsàn rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ búrẹ́kì, tírélà á sáré wá gbá yín lẹ́yìn: gbàgà! Bí ẹ bá tún tẹná, á fà yín padà: gbàgà! Ẹni tó bá wà á láti Ìbàdàn dé Ṣakí, etí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di, ìkọ́ àti òrùka á sì ti jẹ ara wọn. Katakata ń rìn jẹ́jẹ́, kò kan án. Hilux tó ń sáré lójú títì, ó kàn án gidi.

Àwọn ará Ọsirélíà, ní tèmi, ni wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí jù. Ìdí sì wà. Ilẹ̀ wọn fẹ̀, títì kò dé ibi púpọ̀, wọ́n sì fẹ́ràn kí wọ́n máa wọ́ ilé onítáyà kiri inú aṣálẹ̀. Ọ̀nà kan wà ní ìwọ̀ oòrùn àríwá wọn tí wọ́n ń pè ní Gibb River Road, nǹkan bí kìlómítà 660. Màlúù ni wọ́n là á fún kí wọ́n lè máa kó wọn lọ sí èbúté. Ibi tí kò ní ọ̀dà níbẹ̀, ojú ọ̀nà rí bí páànù òrùlé, ìlà sí ìlà, ó sì ń gbọn bóòtì jáde nínú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Wọ́n tún ní aṣálẹ̀ Simpson, tí òkìtì yanrìn inú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, tí wọ́n tò tẹ̀léra bí ebè. Èyí tó lókìkí jù wà nítòsí ìlú Birdsville. Big Red ni wọ́n ń pè é, gíga rẹ̀ tó mítà 40.

Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ tó gun Big Red dé góńgó. Imú rẹ̀ ti kọjá ṣóńṣó, ó ti dojú kọlẹ̀ lódì kejì. Tírélà rẹ̀ ṣì ń gùn bọ̀ lẹ́yìn, imú tirẹ̀ wà lókè. Ìdè nìkan ló wà lórí ṣóńṣó láàárín àwọn méjèèjì, bí ìgbà tí èèyàn tẹ orúnkún. Awakọ̀ kò sì lè dúró níbẹ̀ láti wò ó, nítorí táyà tó bá dúró nínú yanrìn á rì. Bí ìdè bá gan lásìkò yẹn, ọ̀pá á tẹ̀. Irú ibi báyìí ló bí ìdè olóríkèé.

Ó ní oríṣìí. Treg wà, tó pẹ́ lọ́wọ́ wọn: rọ́bà líle, ọmọ ìyá èyí tí a fi ń ṣe bọ́ọ̀ṣì sábẹ́ mọ́tò, ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, pínnì kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kì í pariwo, nítorí rọ́bà ń gba ìlù mọ́ra. Bí rọ́bà bá jẹ tán, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀. DO35 wà, tí Cruisemaster ń ṣe ní Brisbane: pínnì kúkúrú dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ẹnu tírélà á sọ̀kalẹ̀ gbé e mì, á sì ti ara rẹ̀ pa. Tọ́ọ̀nù 3.5 tó lè fà ni 35 inú orúkọ rẹ̀. McHitch wà. Ní Amẹ́ríkà níbi tí bàbá wà, Lock 'N' Roll wà, tí àwọn tó ń gun òkúta ní California àti Utah ń lò.

Orúkọ yàtọ̀, ọgbọ́n inú wọn jọra. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ rántí kúrọ́ọ̀sì ṣáfútì. Apá méjì rẹ̀ kọjá ara wọn, ọ̀kan ń jẹ́ kó mi sókè sódò, èkejì ń jẹ́ kó yà sọ́tùn-ún sósì. Ẹ wá fi ẹ̀kẹta kún un: ẹ fi ọ̀pá róbótó kan sínú ilé irin lẹ́yìn kúrọ́ọ̀sì náà, kí ó lè máa yí gbirigbiri láìdúró. Ìdè olóríkèé nìyẹn. Mo ti gbé ọ̀kan dání rí, ó wúwo bí ọlọ. Mo di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, mo yí iwájú rẹ̀, ó yí po, ó padà síbi tó ti wá, kò kan nǹkan kan, kò sì mì pẹ́kẹ́. Kò sí àyè òfo nínú rẹ̀ bíi ti òrùka, kò sì ní etí tó ń kan ọrùn bíi ti fìlà. Bí tírélà bá tilẹ̀ dojú dé nínú kòtò, òun nìkan ló ń dojú dé. Ọkọ̀ lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, torí ìdè á yí sílẹ̀ fún un.

Ó dára, àbí? Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti ń wá owó. Ẹ ní sùúrù.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń tà á kì í sọ ni bí ẹ ó ṣe dè é. Bọ́ọ̀lù rọrùn, ẹ ó kàn gbé fìlà lé e, bí ọkọ̀ bá wọ́ díẹ̀, ẹ ó fi èjìká ti tírélà kó wọlé. Ìdè onípínnì kò gba ìyẹn. Ihò ní láti ko ihò kí pínnì tó lè kọjá. Ní gáréèjì tí wọ́n da sìmẹ́ǹtì sí, ìṣẹ́jú kan. Lóko, ní alẹ́, òjò ń rọ̀, ọkọ̀ dà sí apá kan, tírélà dà sí apá kejì, ẹnìkan ń tan tọ́ọ̀ṣì, ẹnìkan ń pariwo "Padà sẹ́yìn! Dúró! O ti kọjá!", àwọn tọkọtaya ti bára wọn jà nídìí ẹ̀. Àwọn olóríkèé kan wà tí wọ́n fún ní ẹnu gbòòrò kí pínnì lè fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n dè é lójú yín níbi tí ilẹ̀ kò gbé tẹ́jú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dè é fún yín lórí tábìlì.

Èkejì ni pé ìdè ní apá méjì, ọ̀kan lára tírélà, ọ̀kan lára ọkọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ ara wọn. Ká ní Hilux bàbá dákú sóko. Aládùúgbò dé pẹ̀lú ọkọ̀ tirẹ̀, ó fẹ́ ṣàánú. Bọ́ọ̀lù ló ní. Olóríkèé kò mọ bọ́ọ̀lù rí. Tírélà á sùn síbẹ̀ tòun ti iṣu, ẹran á sì wá jẹ alẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá rà á pé kí ó má ju fìlà àtijọ́ nù. Kí ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí irinṣẹ́, tòun ti bóòtì rẹ̀, kí bóòtì náà sì jẹ́ èyí tí ó wọ ihò kan náà. Sípánà méjì àti ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ti pààrọ̀.

Ẹ̀kẹta, erùpẹ̀. Ohun tó ń yí ń fẹ́ gírísì, gírísì sì ń fẹ́ erùpẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá pò pọ̀, wọ́n ti di sáńpépà. Ilẹ̀ pupa wa, ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti aṣálẹ̀ wọn. Ẹ nu gírísì àtijọ́ kúrò kí ẹ tó fa tuntun sí i. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní ṣe é, kó lọ ra òrùka àti ìkọ́. Wọ́n á pariwo mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọn kò ní dá a dúró sọ́nà. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, ìtọ́jú ju irin lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ forí jì mí, mo mọ̀ pé ẹ lè jó ohunkóhun mọ́ ohunkóhun. Ìdè tó wá pẹ̀lú ihò bóòtì, bóòtì ni kí ẹ fi dè é. Iná wẹ́dì máa ń ba agbára irin tí wọ́n ti fi iná tọ́jú tẹ́lẹ̀ jẹ́, ìlà tí yóò là kò sì ní hàn lọ́jọ́ náà. Ẹ wo orí bóòtì, kí ẹ rí 8.8 níbẹ̀ ó kéré tán. Èyí tí kò ní nọ́ńbà kankan lórí, ẹ lọ fi kan bẹ́ńṣì.

Ẹ̀wọ̀n náà kò ṣeé fojú fò, ìdè ì báà wọ́n tó góòlù. Méjì ni, kí wọ́n kọjá ara wọn lábẹ́ ọ̀pá, ti ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún. Bí ìdè bá ṣí, ọ̀pá á jábọ́ sínú ẹ̀wọ̀n bí ọmọ inú ọ̀já, kò ní rí ilẹ̀ kọ. Kí ó gùn tó èyí tí kò ní fà nígbà tí ọkọ̀ bá yà, kó má sì gùn tó èyí tó ń wọ́lẹ̀. Ká ní mo ní i lọ́jọ́ kọ́fátì yẹn, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ì bá ṣì wà.

Ó ku ẹrù. Ìwọ̀n tó ń tẹ ìdè mọ́lẹ̀ ní láti wà láàárín 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwọ̀n tírélà. Bí tírélà àti ẹrù bá jẹ́ kìlógíráàmù 600, kí 60 sí 90 wà lórí ìdè. Ẹ lè yá síkéèlì, kí ẹ gbé e lé àpótí kan títí tó fi ga tó ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ wá sọ ẹnu tírélà kalẹ̀ lé e lórí. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí bí ìrù ajá bí ẹ bá ti ń sáré. Oríkèé kò ní gbà yín. Àní, ìdè tó bá lè yà fàlàlà kò ní dí i lọ́wọ́ rárá.

Ó yá, bàbá. Mo ní kí ọmọ àbúrò yín ṣe nǹkan méjì fún mi. Ìkíní, kí ó wa Hilux lófìfo dé oko, kí ẹnìkan sì jókòó sẹ́yìn kó máa wo táyà. Bí táyà ẹ̀yìn kan bá kúrò nílẹ̀ níbikíbi lójú ọ̀nà, àní bó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ibẹ̀ yẹn á lọ́ tírélà bí aṣọ. Bí gbogbo táyà bá wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀nà náà kàn burú ni, kò lọ́. Bọ́ọ̀lù tó dára tó ẹni tó ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kó fi owó tó kù ra táyà gidi. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko wa ló wà ní ìsọ̀rí yìí, ẹ má jẹ́ kí àwòrán orí fóònù tàn yín.

Ti bàbá kò sí níbẹ̀. Ọmọ náà fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Odò kékeré kan wà tí wọ́n tẹ́ pákó lé, kí wọ́n tó dé pákó náà ni àgbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀ ní ìdábùú. Hilux fi ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́, táyà òsì ẹ̀yìn gbéra, ó ń yí lófìfo, ẹni tó jókòó sẹ́yìn ń kígbe Jésù. Bàbá, ẹ ra olóríkèé. Ẹ ra apá tọkọ̀ rẹ̀ méjì, kí ìkejì wà lára ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n yín tẹ́ ẹ ní ó máa ń lọ sóko náà, ẹ sì rí i pé ihò onígun mẹ́rin ínṣì méjì tó máa wọ̀ wà lábẹ́ bọ́ńpà àwọn méjèèjì. Hilux ilẹ̀ wa kì í sábà ní i, ẹ ó ní láti wá tóòbà tó ní i.

Nǹkan kejì ni bọ́ọ̀lù. Àárọ̀ yìí ló fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́: 50 géérégé. Fìlà tó wà lẹ́nu tírélà tí ẹ rà, ínṣì 2 ni wọ́n kọ sí i, ẹ̀yin náà lẹ kà á fún mi. Nítorí náà, bọ́ọ̀lù ínṣì 2 kan ní láti wọ kọntéínà pẹ̀lú rẹ̀, fún ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ dá fìlà padà. Kó tó wọlé, ẹ mú u jáde nínú páálí, kí ẹ ka orí rẹ̀ lójú ara yín.

Ìwọ ọmọ àbúrò bàbá, o ṣeun o. Kálípà tí mo fún ọ yẹn, mo yá a ni. Gbé e padà wá fún mi lọ́jọ́ Ajé.